Jàlábíà Tí Ó Yẹ Kí N Fọ̀

                                        Ilé Àrówólò,
                                        Kotobabi,
                                        Accra.
                                        Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, Oṣù Kẹta, 2025.

Faruk, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ọjọ́ Jímọ̀ tí ó kẹ́yìn ààwẹ̀, ní ọdún tí a lò kẹ́yìn ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboniṣe, ni mo ṣẹ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ kí ọ ná. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà ní Kùmásí? Fàdílátù, ìyàwó wa, ńkọ́? Ṣé ọmọ tuntun ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Ọlọ́run á gba ààwẹ̀ wa o.

Ó dá mi lójú pé o rántí ìdánwò pẹ́ẹ̀gì. A fẹ́ mọ bí iṣẹ́ agbára ṣe ń mú kí iṣan tètè rẹ̀, ti aláàwẹ̀ àti ti ẹni tó jẹun: kí a fi ìka tẹ pẹ́ẹ̀gì aṣọ fún ìṣẹ́jú kan, kí a gbé garawa omi yí pápá ká, kí a sì padà wá tẹ̀ ẹ́. Èmi àti ìwọ ni a yàn gẹ́gẹ́ bí aláàwẹ̀. A ṣàdéhùn pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ rẹ̀ ni yóò fọ jàlábíà ọdún ẹnì kejì. Ọwọ́ rẹ rọ. Tèmi kò mì rárá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa sọ ọ́ ní Ọlọ́wọ́-Òwú títí o fi yọwọ́ nínú bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá, síbẹ̀ o fọ jàlábíà mi títí ó fi ń dán.

Faruk, n kò gba ààwẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ti jẹ wáakyé, ìrẹsì ẹlẹ́wà, pẹ̀lú ẹyin lẹ́yìn ilé ìkàwé, mo sì ti fi omi tútù lé e. Dákun, forí jì mí.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣe ìdánwò yìí kan náà. Ọmọbìnrin kan, Lubabah, ń tẹ pẹ́ẹ̀gì ṣáá, àwọn yòókù ń pariwo pé, "Ọwọ́ màṣíìnì!" Àfi bí ó ṣe jù ú sílẹ̀.

"Sà, ẹ má kà mí mọ́ àwọn aláàwẹ̀ o! Mo ti jẹ kẹ́ńkẹ́."

"Kí ló dé tí o ò ti sọ?"

"Ta ló bi mí?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a; ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló bá tèmi. Mo jẹ́wọ́ lójú gbogbo wọn. Lubabah ní, "Háà, Sà! Ẹ lọ fọ aṣọ náà!"

Bá mi kí Fàdílátù, kí o sì bá mi gbé ọmọ jó.

Ọ̀rọ̀ kò tíì tán o: ní òwúrọ̀ yìí, mo gba àdúgbò Nima lọ sọ́dọ̀ Màámi, ìyá rẹ. Wọ́n rí mi pẹ̀lú ọṣẹ àti garawa, wọ́n ní, "Mísbáù, ṣé wọ́n ti lé ọ níṣẹ́ tíṣà ni?" Nígbà tí mo rò ó tán, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó. "Ìwọ tó máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí ife kókó bí a bá fẹ́ ṣínu! Olè aláàwẹ̀!" Wọ́n gbé jàlábíà rẹ jáde láti inú àpótí, wọ́n kó aṣọ tiwọn náà lé e, wọ́n ní èlé nìyẹn.

Ti ààwẹ̀ ti ààwẹ̀ ni mo fi fọ̀ ọ́, Faruk, ààwẹ̀ tòótọ́. Nígbà tí mo fún aṣọ tán, ìka mi kọ̀, kò lè tẹ pẹ́ẹ̀gì. Màámi fẹ́ gbà á. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún mi. Mo sinmi díẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́, ó là, mo sì fi í há jàlábíà rẹ mọ́ okùn nínú oòrùn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ọwọ́ ń ro,
Mísbáù Àrówólò.