Ọjọ́ Tí Wákílù Dúró Níwájú Àbẹ̀kẹ́

Bàbá mi tí mi ò tíì lè pè ní olóògbé,

Àbẹ̀kẹ́ ń jẹun dáadáa. Mo mọ̀ pé òun lẹ máa kọ́kọ́ béèrè kí ẹ tó béèrè èmi, bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń ṣe, ó sì máa ń bí mi nínú. Ẹ fi oríkì ìyá tó bí yín pe ẹṣin, àwọn ẹbí bínú títí, ẹ kàn ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣí fìlà fún lańlọ́ọ̀dù, ẹ máa ń ṣí i fún ẹṣin láràárọ̀. Ní báyìí èmi ni mò ń bu dùsà, èèrí ọkà tó ń jẹ, fún un. Tí mo bá pe orúkọ rẹ̀, á yí etí kan sẹ́yìn, ó ń retí ohùn míì. Mo máa ń sọ fún un pé kó má retí mọ́. Èmi náà ò sì yéé retí.

Wákílù ni mo fẹ́ ròyìn fún yín. Mi ò pè é ní Bọ̀dá mọ́, ẹ má wulẹ̀ bá mi wí. Ẹni tí ẹ mú láti Pápá Àjàó nígbà tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń di gàárì, tí ẹ kọ́ níṣẹ́, tí èmi àti ẹ̀ jọ ń jẹ nínú abọ́ kan náà, òun ló ṣekú pa yín. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kó lè hàn ketekete.

Ṣé ẹ tiẹ̀ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn? Àbí ẹ kàn rí Àbẹ̀kẹ́ tó ń sáré bọ̀, ẹ sì bọ́ sójú títì láti dá a dúró, láìgbé ọwọ́ sókè, bí ẹ ṣe máa ń ṣe? Wákílù sọ fún gbogbo àdúgbò Àgùdà pé òun kàn mú un jáde kó na ẹsẹ̀, pé orí rẹ̀ dédé dàrú, pé ó ti pẹ́ tí òun ti ń sọ fún Bàbá kí wọ́n ta ẹṣin wèrè yẹn. Èmi náà gbà á gbọ́. Ọjọ́ fídáù yín ni wẹ́dà kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú ọ̀nà ibẹ̀ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ṣe ni Wákílù mú ẹṣin yín fún àwọn ọmọkùnrin kan tó ń ya fídíò orin, láìsọ fún yín. Wọ́n fẹ́ kó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nàró kí àwòrán wọn lè dùn ún wò. Nígbà tí kò nàró, Wákílù fi kòbókò nà án, ó sì ní kí wọ́n ju bángà tó ń bú gbàù sí i nídìí ẹsẹ̀. Ẹṣin tí ẹ ò fọwọ́ líle kàn rí láyé. Èéfín àti ìbẹ̀rù ni kò jẹ́ kó rí yín, Bàbá. Kò mọ̀ pé ẹ̀yin ni òun ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo bẹ wẹ́dà yẹn kó bá mi sọ ọ́ ní gbangba. Ó ní òun ní ìyàwó, òun ní ọmọ, òun ò fẹ́ wàhálà àdúgbò.

Bí àwọn òbí tó ń mú ọmọ wá kọ́ ẹṣin gígùn ṣe kó wọn kúrò lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Àwọn kan ní kí n ta Àbẹ̀kẹ́ fún alápatà, wọ́n tún ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣe mí lóore. Wákílù ní tirẹ̀ ṣí ibi ìkọ́ṣẹ́ sí Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ó ń gbé fídíò jáde. Ẹ wá gbọ́ bó ṣe ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́: kò sí kánjúkánjú nídìí ẹṣin, kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ kí o tó gùn ún, ẹṣin ń gbọ́ ohun tí o ò tíì sọ. Ọ̀rọ̀ yín ni gbogbo ẹ̀. Ó tiẹ̀ ń káwọ́ sẹ́yìn bíi tiyín. Mo jókòó ti fóònù, mò ń wò ó, mò ń ṣépè. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ṣépè. Mo fẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe, níbi tí àwọn èèyàn ti máa gbọ́, mo sì fẹ́ kó dùn ún.

Ọlọ́run wá mú kó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wá. Ẹ rántí ọmọ rẹ̀, Rùkáyà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò lágbára? Ó ti dàgbà o, ọ̀pá méjì ló fi ń rìn, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ́. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ní jíjókòó lórí ẹṣin tó ń rọra rìn máa fún ẹ̀yìn rẹ̀ lókun. Àwọn ẹṣin Wákílù ńkọ́? Kòbókò ni wọ́n mọ̀ nígbà tí fóònù ò bá sí níbẹ̀, kò sí ìkankan nínú wọn tó lè dúró jẹ́ẹ́ kí wọ́n gbé ọmọ lé e. Ló bá wá sọ́dọ̀ mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo gbà kíá. Ó rò pé mo ti gbàgbé, ó ń dúpẹ́. Mo ní kó mú un wá ní Sátidé, nígbà tí àwọn òbí tó ṣẹ́ kù máa ń wà níbẹ̀.

Òfin yín ni mo fi mú un. Ẹnikẹ́ni tó bá wọ pápá wa, akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ẹni tó mú un wá, á kọ́kọ́ dúró níwájú ẹṣin, kò ní pè é, kò ní na ọwọ́ sí i. Tí ẹṣin bá wá bá a, ó parí. Tí ẹṣin bá kọ̀, ẹ máa béèrè ohun tó gbé wá lọ́wọ́ rẹ̀, á sì sọ ọ́ sókè, ẹṣin ni á sọ ọ́ fún, kì í ṣe ẹ̀yin. Mo rántí ọmọbìnrin oníkọ̀ǹpútà tó wá láti Yábàá, tó ń pariwo pé kò sóhun tó ń ṣe òun, àfìgbà tó bú sẹ́kún tó ní wọ́n ti dá òun dúró lẹ́nu iṣẹ́. Kò tíì nu ojú tán tí Àbẹ̀kẹ́ fi gbé imú lé e léjìká.

Wákílù ò lè kọ̀. Ó ti kọ́ gbogbo ayé ní òfin yìí lórí fídíò bíi pé òun ló dá a sílẹ̀, àwọn èèyàn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Rùkáyà kọ́kọ́ dúró, ó fara ti ọ̀pá rẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ lọ bá a tààrà, ó ń gbóòórùn irun orí rẹ̀, ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni bàbá rẹ̀ wọlé. Bàbá, ẹ ò rí i bí ara ẹṣin yẹn ṣe ń gbọ̀n. Ó pa etí dẹ́yìn, ó ń fà sẹ́yìn títí ìdí rẹ̀ fi kan ọgbà. Mo bi Wákílù pé, “Kí lo gbé wá?” Bẹ́ẹ̀ ni, mo ní “lo”. Lójú gbogbo èèyàn.

Ó ní ó rẹ òun ni. Ẹṣin ò yísẹ̀ padà. Ó ní àìsàn ọmọ òun ló ń da òun láàmú. Ẹṣin tún ń gbọ̀n. Òógùn bo Wákílù. Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Mo kàn dúró ni, mò ń mí kanlẹ̀ bí ẹ ṣe kọ́ mi, inú mi sì ń dùn. Rùkáyà ló ya gbogbo ẹ̀ pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́. Ó wo ẹṣin, ó wo bàbá rẹ̀, ó ní, “Dádì, kí lẹ fi ṣe é?”

Nígbà tí Wákílù máa dáhùn, Àbẹ̀kẹ́ ló kọjú sí. “Èmi ni mo nà ọ́. Èmi ni mo ní kí wọ́n ju bángà. Ìwọ kọ́ lo pa Bàbá, èmi ni.”

Ó dùn mọ́ mi, Bàbá. Mi ò ní purọ́ fún yín. Mo rí bí Rùkáyà ṣe ń wo bàbá rẹ̀, mo sì rò ó lọ́kàn pé ojú tí mo fi wo òkú yín nìyẹn, kí Wákílù náà jẹ nínú ẹ̀. Àwọn tó ní kí n ta ẹṣin fún alápatà ò lè gbójú sókè.

Àmọ́ òfin yín ò parí síbẹ̀. Ẹni tó bá ti sọ òótọ́, ẹṣin ló kù tó máa dá ẹjọ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dá sí i. Mo rí i tí etí Àbẹ̀kẹ́ rọ̀. Ó mí kanlẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, sí ọ̀dọ̀ Wákílù, ó sì fẹ́ gbé ìkejì. Mo gbá okùn ọrùn rẹ̀ mú, mo fà á kúrò níbẹ̀. Fífà gidi, irú èyí tí mi ò jẹ́ dán wò lójú yín. Ó bojú wẹ̀yìn wò mí. Mo sọ fún un pé kò sẹ́ni tó bi í.

Látìgbà yẹn, gbogbo Sátidé ni Rùkáyà ń wá. Mo máa ń fọwọ́ ara mi gbé e gorí ẹṣin, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń nà. Ó ti mọ̀ ọ́n gùn ju àwọn tí ẹsẹ̀ wọn lágbára lọ. Bàbá rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ wọlé. Ìta ló ń dúró sí nínú oòrùn, tí òjò bá sì dé, á wà nínú òjò. Àbẹ̀kẹ́ máa ń dúró tí ó bá dé apá ibẹ̀, á na ọrùn jáde, mo sì máa ń yí i padà. Rùkáyà máa ń béèrè bóyá Dádì lè wọlé lónìí. Mo máa ń ní rárá, ọmọ náà kì í sì í jà, á kàn fọwọ́ pa ẹṣin lọ́rùn.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Mo mọ bí ẹ ṣe máa sọ ọ́, pẹ̀lú fìlà yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n mímọ̀ kọ́ ni gbígbọ́. Tí ẹ bá fẹ́ kí n ṣí géètì fún un, ẹ wá fẹnu ara yín sọ fún mi.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín ju òfin yín lọ.