Ẹyin Tó Ń San Owó Èrò

Olóòtú wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ohùn yín ò ní há o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ mi, torí gbogbo Abereke ló ń gbọ́ yín lórí rédíò.

Ẹyin ni mò ń tà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ ní igba náírà ni ẹyin kan ní Àkúrẹ́, ó sì lé díẹ̀ ní Igbókòdá. Ọ̀ọ́dúnrún ni mò ń tà á. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní olójúkòkòrò.

Ojú omi la máa ń gbà kó ẹyin láti Igbókòdá wá sí Abereke níbí, ẹyin ò sì ṣeé kó sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, torí ìgbì. Orí ìjókòó ni tèmi máa ń wà, mo sì ń san owó èrò fún un bíi pé èèyàn ni.

Ọ̀rẹ́ mi kan, tí mo máa pè ní Fẹ̀hìntọlá, bínú lọ ra tirẹ̀ ní Igbókòdá. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀, níbi tí a máa ń kó ẹja sí, ló kó o sí. Nígbà tó gúnlẹ̀, ṣe ló ń gbọ́n ẹyin tó ti fọ́ bí ẹni ń gbọ́n omi. Ó lọ dín in jẹ, síbẹ̀ kò yéé sọ pé ọjà mi wọ́n. A ò kí ara wa mọ́.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n lọ bá a ni, àbí kí n dákẹ́? Olóòtú, bí ẹ bá tún ń ka iye ẹyin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ti Abereke mọ́ ọn. Tí èmi bá sọ ọ́, irọ́ ni. Tí rédíò bá sọ ọ́, wọ́n á gbà.

Èmi ni, ẹlẹ́yin etí òkun.