Ọ̀rọ̀ Ọwọ́ Màmá Tí Ẹ̀rọ Pò Pọ̀

                                        Yàrá òkè,
                                        Ilé Màmá wa,
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá.

Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ikọ́ tó ń dààmú èyí àbíkẹ́yìn ti lọ? Èmi náà wà, bí a bá lè pe èyí ní wíwà. Màmá jẹun díẹ̀ láàárọ̀ yìí. Láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọ lù wọ́n, ọwọ́ ọ̀tún wọn kò gbéra mọ́, òsì sì ń gbọ̀n. O mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún adití tó jẹ́ pé ọwọ́ ni ẹnu rẹ̀.

N kò fẹ́ kí ẹlòmíràn sọ èyí fún ọ ṣáájú mi. Kí àìsàn yìí tó dé, Màmá gba fóònù mi, wọ́n gbé e ti ògiri lórí tábìlì, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì ya fídíò ara wọn níbi tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n ní ìwọ ni àwọn ń bá sọ ọ́, kí n fi ránṣẹ́, kí n má wò ó. Ọkàn mi sọ fún mi pé lórí ìjà tí ẹ jà kí o tó lọ ni. Ṣùgbọ́n fídíò náà wúwo jù, kò ṣeé fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn tí àìsàn dé ni mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù Oníkámẹ́rà.

Fídíò kò ju àwòrán tó ń sáré tẹ̀lé ara wọn lọ. Ti Màmá jẹ́ ọgọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Oníkámẹ́rà sọ ọ́ di mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kó lè fúyẹ́. Ẹ̀rọ rẹ̀ kì í kàn yọ àwòrán dànù, ó máa ń po méjì mẹ́ta pọ̀ di ẹyọ kan, kí gbogbo rẹ̀ lè máa lọ geere. Fún ẹni tó ń rìn lójú pópó, kò burú. Ṣùgbọ́n ìka Màmá yára. Mo ní kí n kàn wo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, ìka wọn ti di èéfín.

Mo figbe ta. Oníkámẹ́rà bi mí pé:

“Ẹ̀gbọ́n, kí ló bàjẹ́ níbẹ̀? Màmá ò kúkú sọ nǹkan kan. Mo tẹ́tí títí, kò sóhùn.”

“Ọwọ́ wọn ni ohùn wọn!”

Mo ní kó dá ojúlówó padà fún mi. Ó ní òun ti pa á rẹ́ nítorí fóònù mi ti kún, oore lòun rò pé òun ń ṣe mí. Ó gbìyànjú láti tú èyí tó kù, àmọ́ ta ló lè ṣa iyọ̀ kúrò nínú omi?

Mo fi han Màmá bóyá wọ́n á rántí. Wọ́n tẹjú mọ́ ọn, wọ́n wá fi ọwọ́ òsì bi mí pé, “Akólòlò wo rèé?” Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà wọ́n bú sẹ́kún. Wọ́n rántí pé àwọn bá ọ sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n sọ ni àìsàn ti kó lọ.

Gbogbo ìwé tí mo ti kà, n kò rí èyí tó dá mi lóhùn: ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí, ǹjẹ́ a sọ ọ́? N kò lè parọ́ fún ọ pé wọ́n ti dárí jì ọ́. Ó lè jẹ́ ìre. Ó lè jẹ́ èébú. O kúkú mọ ẹnu Màmá, àní ọwọ́ wọn. Dókítà sì ní bí irú rẹ̀ bá tún kọ lù wọ́n, òun kò lè ṣèlérí ohunkóhun.

Ibì kan ṣoṣo ló mọ́ kedere, nítorí pé ọwọ́ wọn dúró, ẹ̀rọ kò sì rí ohun tí yóò pò. Ní ìparí, wọ́n fi ìka méjì kan àgbọ̀n wọn, níbi tí àpá wà lára tìrẹ. Orúkọ rẹ nìyẹn, bí wọ́n ṣe ń pè ọ́ láti kékeré. Wọn kò gbé ìka náà kúrò. Wọ́n pè ọ́, wọ́n sì tẹjú mọ́ iwájú bí ẹni tó ń retí kí a jẹ́ òun, títí fídíò fi tán.

Jọ̀ọ́, má kọ èsì sí mi. Wá dá wọn lóhùn.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí ń wọ̀nà fún ọ,
Aláìsùn