Ìgbẹ́ Ẹ̀gà Tó Gbẹ Mọ́ Ọkọ̀ Ọ́fíìsì Rẹ

Odòde, Ìdànrè.
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn òjò.

Olúwapamílẹ́rìn ọmọ mi,

Ṣé o wà? Mo mọ̀ pé bí a ṣe ń kọ lẹ́tà ni pé ká béèrè àlàáfíà ara wa, ká sì tètè kọjá síbi ọ̀rọ̀ tó gbé wa dé, àmọ́ lónìí èmi ò tíì kọjá, ìdí ìbéèrè yẹn gan-an ni mo jókòó sí. Ṣé ara rẹ le? Ṣé iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ? Ọlọ́run tó mú ọ fò láti Àkúrẹ́ dé Àbújá láìjábọ́ kò ní jẹ́ kí o jábọ́ lórí ilẹ̀. Àmín.

Gbogbo wa wà níbí. Kòkó ń so díẹ̀díẹ̀. Ewúrẹ́ dúdú bí méjì, ọ̀kan ń yarọ díẹ̀ ṣùgbọ́n ó ń mu ọmú. Wọ́n ti kun ilé ìjọsìn wa ní ọ̀dà tuntun, funfun gbòò bí ọkọ̀ rẹ, bí mo sì ṣe yọ sí i lọ́jọ́ Ìsinmi ni àyà mi là gààrà, mi ò gbọ́ ìwàásù mọ́.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà ni mo ń bọ̀ wá sọ. Nígbà tí o wá ṣe ọdún Àjíǹde, tí o ní ohun tí àwọn èèyàn ń sọ nípa ojú ọ̀nà kò jẹ́ kí o lè wà á padà, o ní kí n bá ọ ṣọ́ ọkọ̀ náà títí ọ́fíìsì yín yóò fi rán awakọ̀ wá. O ní ọkọ̀ ọ́fíìsì ni, pé bí nǹkan bá ṣe ara rẹ̀, iṣẹ́ rẹ ló ṣe yẹn. O ní kí n má ṣe jẹ́ kí ìgbẹ́ ẹyẹ gbẹ mọ́ ọn torí ó ń jẹ ọ̀dà. Ìyẹn yé mi dáadáa, mo ti rí bí ìgbẹ́ adìyẹ tútù ṣe ń jó irúgbìn kòkó. O kọ́ mi pé kí n rẹ táwẹ́ẹ̀lì sínú omi, kí n tẹ́ ẹ lé ìgbẹ́ náà lórí, kí n ní sùúrù títí yóò fi rọ̀, kí n wá rọra gbé e kúrò, kí n má gbo ó, kí n má ha á. Lẹ́yìn náà o tẹ kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ, ọkọ̀ náà ké lẹ́ẹ̀kan, iná pupa kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú lẹ́yìn gíláàsì iwájú, o sì gbé kọ́kọ́rọ́ náà lọ sí Àbújá. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé o fi ojú sílẹ̀ tó ń ṣọ́ mi.

Bí mo ṣe fọwọ́ kàn án láàárọ̀ ọjọ́ kejì, igbe ta, gbogbo àdúgbò tú jáde. Mo ṣí fìlà, mo ní jọ̀wọ́ ọmọ mi, èmi ni, Olúsọjí bàbá rẹ, táwẹ́ẹ̀lì ló wà lọ́wọ́ mi. Ó tún ké díẹ̀, ó dákẹ́, mo mọ̀ pé o ti dá ohùn mi mọ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kí ọ kí n tó fọwọ́ kàn án, n kì í sì í kọjá níwájú rẹ̀ láìwọ ẹ̀wù. Gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nílé ni mò ń dúró sọ fún ọ níbẹ̀, kódà ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yẹn, mo ti sọ ọ́ fún ọ lẹ́ẹ̀mejì. Láràárọ̀ tí mo bá fọwọ́ kàn án, ìwọ a ké díẹ̀ dá mi lóhùn, ìwọ a máa ṣẹ́jú, èmi a máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Ìyá rẹ ní ọdún méjìlélógójì tí òun ti wà nílé yìí, n kò kí òun kú ojúmọ́ báyìí rí. Mo ní iná ò ṣáà tàn níwájú orí tirẹ̀. Ẹ̀bà ọjọ́ yẹn kò rí ọbẹ̀.

Ibi tí ẹ̀rù wà nìyí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ sí oko wa lẹ́yìn Owéna, mo sùn lábà fún ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ẹ̀gà orí ọ̀pẹ ẹ̀gbẹ́ ilé kò lọ sí oko kankan. Bí mo ṣe dé lọ́jọ́ Ẹtì, ojú méje ni wọ́n ti yàgbẹ́ sí, oòrùn ti yan án, ó gbẹ funfun. Ọkàn mi dàrú, mo ní o ti rí gbogbo rẹ̀. Sùúrù tí o kọ́ mi fò lọ. Mo mú kànhìnkànhìn tí ìyá rẹ fi ń fọ ìkòkò, mo gbo èyí tó wà lórí iwájú ọkọ̀. Ìgbẹ́ náà lọ lóòótọ́, Pamílẹ́rìn, ṣùgbọ́n ó fi ìlà kan sílẹ̀ tó gùn tó ìka mi.

Mo dúró de igbe. Ọkọ̀ kò ké. Mo ní èmi ni o, bàbá rẹ. Kò dáhùn. Mo fi ojú mọ́ gíláàsì, iná náà ti kú.

Mọ́nsúrù tó ń kun ọkọ̀ lọ́nà Owéna ló bá wa tọ́jú mẹ́fà tó kù. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ló fi rẹ táwẹ́ẹ̀lì, ó tẹ́ ẹ lé e lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé ó ti gbẹ, ó gbé e kúrò, ibẹ̀ mọ́ láìní àpá. Ó fi nǹkan kan bí ọ̀rá pa ojú ìlà tèmi, ó ní kò wọlé dé irin. Ó ní ti iná, bátìrì ọkọ̀ ló tán, pé igbe tó ń ké láràárọ̀ ló jẹ ẹ́ tán. Mo bi í pé ṣé tọ́ọ̀ṣì ni ọkọ̀. Mo mọ̀ pé ó ń tù mí nínú ni.

Torí pé láti ọjọ́ Ẹtì yẹn náà ni fóònù rẹ kò ti lọ. Obìnrin kan ló ń gbé e, Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, ohùn rẹ̀ le, mo mọ̀ pé ọ̀gá rẹ nìyẹn. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kànhìnkànhìn fún un, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún sọ. Mo gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè dé ibi ìsinmi kẹta, bóyá bí mo bá ga díẹ̀ sí i, ìpè náà yóò fò kọjá lórí rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ. Obìnrin yẹn ti dé ibẹ̀ ṣáájú mi. Orúnkún mi kò tíì dáríjì mí. Ìyá rẹ ti wọ ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, kò bá mi jà, ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí. Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi.

Bí ọwọ́ rẹ bá gbà á, fi owó tapólì ńlá kan ránṣẹ́ kí n fi bo ọkọ̀ náà, àti owó káàdì. Mọ́nsúrù kò gba nǹkan, àmọ́ kò yẹ kó lọ lọ́wọ́ òfo. Bí owó kò bá sí, má wulẹ̀ yá a. Bí wọ́n bá sì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ nítorí ìlà yẹn, sọ fún wọn pé bàbá rẹ ló fà á, kí wọ́n wá mú mi, ilé wa kò ṣòroó mọ̀. Kí ìwọ máa bọ̀ nílé. Oko kòkó náà iṣẹ́ ni.

Olúlékè tó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sí Àbújá ni mo fi lẹ́tà yìí rán, ó ní Ọjọ́rú lòun yóò fi lé ọ lọ́wọ́. Bí o bá ti gbà á, kí o tó kà á tán, tẹ kọ́kọ́rọ́ yẹn fún wa lẹ́ẹ̀kan. O ò ní láti sọ ohunkóhun. Kí ọkọ̀ náà ṣáà ké, a ó mọ̀ pé o wà. Láti àárọ̀ Ọjọ́rú, èmi àti ìyá rẹ yóò ti gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, a ò ní wọlé.

Ọlọ́run yóò pa ọ́ mọ́ fún wa. Ilẹ̀ àjèjì kò ní gbé ọ mì, ojú wa yóò sì rí ojú rẹ. Àmín.

Èmi ni,
Olúsọjí, bàbá rẹ.