Kọ́kọ́rọ́ Ṣọ́ọ̀ṣì Wà Lọ́wọ́ Mi

Màámi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o! Bùkúnmi àbúrò mi, jọ̀ọ́, gbé fóònù sún mọ́ wọn létí. Ìròyìn ayọ̀ ni mo gbé dé!

Mo ti kó kúrò nílé témi àti ọkọ mi ń gbé. Ibi tuntun yìí tóbi gan-an, dùùrù wà níbẹ̀, gíláàsì aláràbarà ló sì wà lójú fèrèsé. Bí ilẹ̀ bá mọ́, àwọ̀ pupa àti búlúù á tàn sórí kúbùsù mi! Òun náà ń kọ́? Ara rẹ̀ á le, mo rò bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.

Àwọn ará ìjọ wa ní Mánṣẹ́sítà yìí, Ọlọ́run ló rán wọn sí mi! Ìyá ará Gánà kan ń gbé ọbẹ̀ gbígbóná wá fún mi. Lánàá, àwọn akọrin wá bá mi jẹun, wọ́n ṣeré títí mo fi rẹ́rìn-ín. Màámi, mo rẹ́rìn-ín! Pásítọ̀ sì ti fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, èmi Gbémi!

Ẹ rántí bí wọ́n ṣe máa ń dá mi dúró sábẹ́ igi fúrúùtù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa l'Ẹdẹ, títí àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ á fi parí, tójú á sì máa tì yín? Ó tán! Bó bá di ọjọ́ Ìsinmi, màá ká kúbùsù mi, màá nu bẹ́ǹṣì mi, màá wá ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ìjọ.

Ẹ bá mi kí Bàámi àtàwọn ìyá ìjọ. Ẹ sọ fún wọn pé Gbémi kì í pẹ́ dé ìsìn mọ́.