Ọkàn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fi Ṣèlérí ní Pápá Àjàó

Ìtokò, ní ìlú Abẹ́òkúta, ni a bí olóògbé, Ọ̀jọ̀gbọ́n Sylvester Àkàngbé Ọlánípẹ̀kun, sí ní oṣù kẹta ọdún 1931. Bàbá wọn ni Bàbá Ìjọ Ezekiel Ọlánípẹ̀kun, àgbẹ̀ olóbì. Ìyá wọn ni Dorcas, aláró. Ní ti ọ̀rọ̀ tí ẹ ń sọ sí ara yín létí lábẹ́ àtíbàbà láti àárọ̀, pé ṣé òkú inú pósí yìí pé, ẹbí ti gbọ́. A ó dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á tẹ̀ lé ìlànà.

Wọ́n ka ìwé mẹ́fà ní Ìtokò, wọ́n sì lọ sí ilé-ìwé girama. Ní ọdún 1953, wọ́n rékọjá sí ìlú òyìnbó láti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, wọ́n sì dé ní ọdún 1962 pẹ̀lú oyè, àwọn ẹ̀wù òtútù, àti àṣà kí wọ́n máa fi ṣíbí jẹ ẹ̀bà. Èyí tó kẹ́yìn yìí, ìyá wọn tètè gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ní ọdún 1964, wọ́n fẹ́ Caroline, nọ́ọ̀sì, wọ́n sì fi àdúgbò Ìpọ̀nrí ṣe ilé. Ní ọdún 1983, wọ́n di ọ̀jọ̀gbọ́n. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá béèrè Dókítà lórí tẹlifóònù, Bàbá á ní kò sí dókítà kankan níbí, wọ́n á sì gbé e sílẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi tẹ oyè náà gàdàgbà síwájú ìwé ìsìnkú yìí. A ò fẹ́ ìjọ̀ngbọ̀n.

Àrùn ọkàn àti ti iṣan ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń wádìí. Láti ọdún 1984, wọ́n ń wá ìdí tí àwọn géńdé Mushin fi ń ṣubú lójijì tí wọn kì í dìde, tí ẹbí á sì ní ayé ló ṣe é. Bàbá ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń di ẹ̀rọ mọ́ ènìyàn lápá. Níbi ìgbéyàwó Láyí, ọmọ wọn ọkùnrin, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ bàbá ìyàwó kí wọ́n tó fún un ní àga. Àwọn àna wa kò tíì gbàgbé.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í fi inú ọkàn hàn. Kí ìwádìí tó lè tẹ̀ síwájú, wọ́n ní láti yẹ ọkàn àwọn tó kú lójijì wò, kò sì sí ilé kan ní Pápá Àjàó, ní Mushin níbẹ̀, tó gbà. A ò bá wọn wí. Nígbà mìíràn, Bàbá máa ń dé ilé òkú ṣáájú ọmọ òkú.

Ní ọdún 1989, níbi ìpàdé àdúgbò Pápá Àjàó, Bàbá Yẹ̀kínnì, káfíńtà, dìde: “Prófẹ́sọ̀, ọkàn ọlọ́kàn lẹ ń tọrọ kiri. Tiyín ńkọ́?” Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń kúrò níwájú èrò láìgba àtẹ́wọ́. Wọ́n ní, “Ọjọ́ tí mo bá kú, ẹ wá wo tèmi. Gbogbo yín ni ẹlẹ́rìí.” Wọ́n gba àtẹ́wọ́. Wọ́n fi ayọ̀ wálé, wọn kò sọ fún ìyàwó wọn. Ẹnu ará Pápá Àjàó ni Màmá ti gbọ́. Láti ọjọ́ náà, ilé yòówù tí Bàbá bá wọ̀, èsì kan ni: “Ó di ìgbà tí a bá rí tiyín, Prófẹ́sọ̀.” Ìwádìí dúró síbẹ̀.

Ní ti ìgbàgbọ́, ọmọ ìjọ tòótọ́ ni wọ́n. Wọ́n ń sùn nígbà ìwàásù, wọ́n sì ń jí láti tún ọ̀rọ̀ àlùfáà ṣe.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1993, wọ́n ṣubú nídìí oúnjẹ àárọ̀, wọn kò sì dìde mọ́. Àbúrò wọn, Àǹtí Rosaline, dé láti Abẹ́òkúta: “Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ọ̀bẹ kàn án. Ṣé àyà òfìfo ni Àkàngbé máa gbé lọ bá ìyá wa?”

Lọ́jọ́ kejì, àwọn àgbà Pápá Àjàó wọlé, Bàbá Yẹ̀kínnì ṣáájú wọn. Àǹtí Rosaline dúró dí ẹnu ọ̀nà: “Ẹ ti wá gba ìpín yín, àbí?”

“Rárá, Àǹtí,” Bàbá Yẹ̀kínnì dáhùn. “Àwàdà là ń ṣe lọ́jọ́ yẹn. A ti dá ìlérí náà padà fún wọn. Ẹ sin wọ́n ní pípé.”

Àǹtí Rosaline kúnlẹ̀ dúpẹ́. Gbogbo ilé mí kanlẹ̀. Màmá nìkan ni inú ń bí.

“Ọdún mẹ́rin lẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn lé ọkọ mi jáde, ẹ wá ń pè é ní àwàdà. Bí a bá sin wọ́n báyìí, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ máa fi lé ẹni tó bá tún wá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn á yọ ọkàn náà. Bàbá Yẹ̀kínnì, ẹ̀yin náà á bá wa lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ ó sì fojú ara yín rí i.”

Wọ́n lọ. Wọ́n rí i.

Nítorí náà, ìdáhùn ẹbí rèé: òkú kò pé. Ọkàn wọn wà lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn, tí wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́wọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bi opó léèrè mọ́.

Wọ́n fi ìyàwó wọn, Caroline, sáyé lọ. Àwọn ọmọ, Adéfúnmiláyọ̀, Láyí àti Ṣùbòmí. Àwọn ọmọ-ọmọ, tí Ayọ̀miídé jẹ́ àgbà wọn. Àti àbúrò wọn, Rosaline, tó jókòó sí ìlà kejì, tí kò tíì bá Màmá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ará Pápá Àjàó, a rí yín lẹ́yìn níbẹ̀, ẹ ṣeun tí ẹ wá. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ yín, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó yá, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Bàbá yóò kan ilẹ̀kùn. Yóò ní sùúrù kí ẹ sọkún tán. Bí ẹ kò bá ní gbà, ẹ wá ọ̀rọ̀ mìíràn sọ fún un. Ti tẹ́lẹ̀ yẹn ti tán.

Kí ilẹ̀ rọra gbà yín, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ sùn, ẹ sinmi.