Púlọ́ọ̀gì Tútù Tí O Ní Kí N Rà

Apá, Àgbádárìgì.

Gbémisọ́lá, Àṣàbí ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Lẹ́kí níbẹ̀? Omi ò ní gbé ọ, iná ò ní jó ọ, ẹni tó gbà ọ́ síṣẹ́ kò ní fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Ara wa le, àyàfi orúnkún mi ọ̀tún, ìyẹn náà sì ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì tí o fi ránṣẹ́ fún ọkọ̀ ojú omi mi ti dé. Nígbà tí o ní súpà-ṣájà ni, mo sọ fún gbogbo èrò mi pé kí wọ́n máa kó fóònù wọn bọ̀, pé á máa gbaná bí a bá ṣe ń lọ lórí ọ̀sà. Èèyàn mẹ́sàn-án ló kó wáyà wá. A wá ihò ṣájà yìí títí, a ò rí i. Ẹ̀yìn náà ni mo tó gbọ́ pé atẹ́gùn ló ń fi tipátipá kì sínú ẹ́ńjìnnì. Atẹ́gùn, tó kún etí òkun wa lọ́fẹ̀ẹ́! O ṣeun, ẹnjiníà.

Lẹ́yìn èyí ni ohùn rẹ wọ fóònù mi, o ń kọ́ mi bí n ó ṣe yan púlọ́ọ̀gì, nǹkan kékeré tó ń ṣáná sínú ẹ́ńjìnnì. Mo kí ọ, o ò dáhùn. Mo ní kí o ní sùúrù kí n wá bírò, o kàn ń sọ̀rọ̀ lọ bí ẹni tí kò ní baba. Inú ń bí mi bọ̀ kí Mukhtar tó ń ta páàtì ọkọ̀ tó là mí lóye pé ohùn tí o ti gbà sílẹ̀ ni. Mo ti dárí jì ọ́.

O ní kí n ra púlọ́ọ̀gì tó tutù. Mo ní kí Mukhtar fún mi ní tútù mẹ́ta. Ó ní nọ́ńbà wo. Mo ní kò sí ẹnjiníà nílé tiẹ̀, kò lè yé e, kó ṣáà fún mi. Mo fọwọ́ kàn án, ó ń gbóná fẹẹrẹ bí ẹyin abẹ́ adìyẹ. Ni mo bá gbé e lọ bá Déọlá tó ń ta ẹja inú yìnyín, ó bá mi rì wọ́n sáàárín pánlá láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí mo gbà wọ́n, òtútù rẹ̀ pa mí lọ́wọ́, mo sì dè wọ́n mọ́ ẹ́ńjìnnì. O tún ní kí n dín àlàfo kù. Mo ní kí gbogbo èrò sún mọ́ra. Ìyàwó Ọpẹ́yẹmí ní ìgbọ̀nwọ́ ẹnìkan ti fẹ́ wọ òun níhà, mo ní àṣẹ ẹnjiníà ni.

Lọ́jọ́ Ajé, Ìyáàfin Ẹnìtàn, ará Èkìtì tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé wa, fẹ́ yan ọkọ̀ tí yóò máa gbé àwọn olùkọ́ rẹ̀ kọjá ọ̀sà ní gbogbo sáà yìí. Èmi àti Abdulqoyyum, ọlọ́kọ̀ ojú omi bíi tèmi, ló pè. Ẹ́ńjìnnì Abdulqoyyum dàgbà jù ọ́ lọ. Mo fi í ṣẹ̀sín létí omi níṣojú gbogbo ayé, mo ní kó wá bá mi wọ ọkọ̀ tó bá fẹ́ tètè délé.

A gbéra. Àṣàbí, ọkọ̀ sáré! Olùkọ́ mẹ́rin ń ké. A dé agbedeméjì ọ̀sà, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí kàn gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n bí ẹni ń fi òòlù lu ìkòkò irin, ó rú èéfín, ó sì dákẹ́. Omi ń gbé wa lọ. Olùkọ́ kan tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ di ẹsẹ̀ mi mú, ó ń gbàdúrà, ó ń ṣépè fún mi pọ̀ mọ́ ọn. Mo wá àjẹ̀, àjẹ̀ wà nílé, nítorí ta ló ń mú àjẹ̀ dání tó ti ní súpà-ṣájà? Abdulqoyyum ló wá fi okùn fà wá dé èbúté, ó tún fà mí lọ́wọ́ sọ̀kalẹ̀. Ì bá sàn kó bú mi. Ìyáàfin Ẹnìtàn ní kí bàbá má bínú, àwọn olùkọ́ òun fẹ́ dé ibi iṣẹ́ ni, wọn ò fẹ́ dé ọ̀run. Ó gbéṣẹ́ fún Abdulqoyyum lójú mi.

Lọ́jọ́ kejì ni Abdulqoyyum mú sípánà dé. Ó ní kí n tún ohùn rẹ gbé sí i. Ó gbọ́ ọ tán, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń fi tipá fún ní atẹ́gùn máa ń gbóná ju ti tẹ́lẹ̀, púlọ́ọ̀gì tó ń tètè gbé ooru kúrò lára ni wọ́n ń pè ní tútù, nọ́ńbà rẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, kì í ṣe yìnyín. Àlàfo sì ni ẹnu kékeré tí iná ti ń ṣẹ́, bó bá fẹ̀ jù, atẹ́gùn náà á pa á. O ní kí n ka ojú púlọ́ọ̀gì tí mo bá yọ ọ́, mo ti fi jígí wò ó, n kò rí lẹ́tà kankan. Àṣé àwọ̀ rẹ̀ ni. Ó funfun bí ẹfun, àmì pé ó ti gbóná jù, ẹnu ọ̀kan sì ti yọ́. A lọ ra nọ́ńbà tó yẹ, ó dín ẹnu wọn kù, ó fọwọ́ yí wọn wọlé jẹ́jẹ́ kó tó fi sípánà kún un díẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́ báyìí. Abdulqoyyum ní òun ń lọ dẹ àwọ̀n lọ́sàn-án, kí n máa bá òun kó àwọn olùkọ́ padà. Ẹni tí mo fi ṣẹ̀sín! Ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè dúpẹ́ tán.

Ní ti owó, mo fẹ́ kí o ra jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, méjìlá, kí o sì fi owó díẹ̀ kún un. Má fi owó náà gba ọ̀dọ̀ POS. Ọmọbìnrin ibẹ̀ ní Nẹ́tíwọ̀kì kò tíì dé, mo jókòó dè é títí oòrùn fi wọ̀, ọkùnrin náà kò yọjú. Ẹni tí kì í dé síṣẹ́ lásìkò, n kò lè fi owó mi lé e lọ́wọ́. Fọwọ́ ara rẹ mú un wá. Ọdún mẹ́ta mà nìyí. Ẹ́ńjìnnì rẹ dára, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n n kò tíì rí i kó kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ láàárọ̀.

Ọ̀nà rẹ á là. Ibi tí o bá forí lé, ire ni wàá bá níbẹ̀.

Èmi ni baba rẹ,
Abọ́dúnrìn